Inú Tó Gbé Bàbá Ló Gbé Ọmọ

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí orúnkún yín kan orúnkún mi, torí ohùn mi kò lè fò bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọlé wá. Atẹ́gùn òkè yìí a máa jí ọ̀rọ̀ gbé. Ẹ̀wà wà lórí iná, àwo tó kárí yín ti wà nílẹ̀. Kí ẹ̀wà tó rọ̀, ọ̀rọ̀ mi á ti rọ̀. Ẹ gbè é fún mi:

Ta ló ni ọmọ?
— Ẹ̀wà ń hó.
Ṣé ẹni tó gbé e ni àbí ẹni tó gbà á gbé?
— Ẹ̀wà ń hó.
Ẹ má tíì dáhùn o, ẹnu á jó yín.
— Ẹ̀wà ń hó.

Ó dáa. Inú agbọ̀n okùn la wà lọ́jọ́ náà.

Èmi, Bámgbóyè ọmọ mi, Tìwálọlá ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ jòjòló ọlọ́jọ́ mẹ́jọ tí kò tíì lórúkọ. Agbọ̀n ń fì wá dirodiro láàárín òkè méjì. Omi tó bo àwọn ìlú àtijọ́ ń dán yanran nísàlẹ̀ wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wo omi. Ẹsẹ̀ ọmọ la ń wò. Ìlẹ̀kẹ̀ kan wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìjọba, tí nọ́ọ̀sì ti so mọ́ ọn kí wọ́n tó gé ìwọ́ rẹ̀. Funfun báláú ni lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ yìí, ó ti di àwọ̀ ìyeyè.

"Ó tún yí padà," Tìwálọlá wí.

"Oòrùn ló ń tàn sí i lára," Bámgbóyè dáhùn. Ṣùgbọ́n òun náà ti ń wò ó ṣáá láti ìgbà tí a ti gbéra.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí oòrùn bá wọ̀ tí orúkọ ọmọ kò tíì wọ ìwé, ìlẹ̀kẹ̀ á pọ́n bí ata rodo, àwọn tó ń kó ọmọ lọ sí Ilé Ìtọ́jú Ìjọba á sì wá. Gbọ́mọgbọ́mọ aláṣẹ là ń pè wọ́n lẹ́yìn. Ní iwájú, "Ẹ kú iṣẹ́ o" là ń sọ.

Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ní tèmi. Kí ló máa bà mí lẹ́rù? Ọmọ ti dé! Kí a tó jáde nílé ni aládùúgbò mi, Ìyá Kọ́lápọ̀, ti dúró ti odó pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, tó ń pariwo pé, "Ìyá Bámgbóyè, ẹ tètè dé o! Iyán kì í dúró de akọ̀wé."

"Kí lo gbé sínú agbada yẹn?"

"Ẹja àrọ̀ ni. Ṣé a máa sọmọ lórúkọ láìsí ẹja ni?"

"Ìwọ obìnrin yìí! O ò mọ̀ pé ilé ọkọ mi kì í jẹ ẹja àrọ̀? Bámgbóyè dàgbà tó báyìí, kò tọ́ ọ wò rí."

"Ilé ọkọ yín ni kì í jẹ ẹ́. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ ọkọ yín."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìyá Bámgbóyè. Bí gbogbo Òkè Àsálà ṣe ń pè mí nìyẹn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwẹ̀ró tí bàbá mi sọ mí, bí ẹ bá pè é lójú ọ̀nà, mi ò ní bojú wẹ̀yìn. Mo ti gbàgbé pé èmi ni.

Ilé Ìwé Ìbí wà ní orí òkè kejì. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adégòróyè, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìí wà lórí tábìlì rẹ̀, dúdú, rìbìtì, bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ní ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀. Ohùn obìnrin Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ̀."

Tìwálọlá ki ẹsẹ̀ ọmọ sínú ihò. Ọmọ ké ẹyọ kan, ó dákẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ èmi Tìwálọlá àti Bámgbóyè ọkọ mi."

"Ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmú ta ni?"

"Ọmú mi."

"Ó rí bẹ́ẹ̀. Inú ta ni?"

Tìwálọlá gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Inú mi ni."

Ẹlẹ́rìí dákẹ́. Mo gbọ́ tí agbọ̀n okùn tó gbé wá ń han lọ sísàlẹ̀.

"Inú yìí ní àmì," ó wí. "Láti ara Àwẹ̀ró, ìyá Bámgbóyè, ni wọ́n ti mú un, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwé sọ pé Bámgbóyè ló kọ́kọ́ gbé. Inú tó gbé bàbá ló gbé ọmọ. Ọmọ inú kan ni wọ́n. Mi ò lè kọ ọmọ ìyá ẹni sílẹ̀ bí ọmọ ẹni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn Ọdún Àgbàrá tí omi bo ìlú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Ọlọ́run fún ní ohun gbogbo tán tí kò fún ní ilé ọmọ. Tìwálọlá wà lára wọn. Nígbà tó sọ fún mi, ó dojú bolẹ̀ bí ẹni tó jalè. Mo ní, "Ṣé ìyẹn náà lò ń sunkún sí? Tèmi ṣì wà níbí, kò ṣiṣẹ́ kan. Mo ti ṣíwọ́ nǹkan oṣù. Jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ fún ọ." Ó rò pé àwàdà ni. Mo bá a lọ sílé ìwòsàn, mo ń kọrin lọ. Dókítà bi mí pé ṣé ilé ọmọ mi ti gbé ọmọ délẹ̀ rí, torí wọn kì í gba èyí tí kò gbé ọmọ rí. Mo ní ó ti gbé. Ó bojú wo Bámgbóyè tó dúró tì mí, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò parọ́. Ó ti gbé.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹ̀wà ń hó.

"Nígbà wo ni òfin yìí dé?" Bámgbóyè bi akọ̀wé. Ohùn rẹ̀ ti le.

"Oyún yín ti tó oṣù mẹ́ta nígbà tó dé, sà. Àwọn ìdílé kan ló kó o bá wa. Ilé ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí láàárín ara wọn, láti ìyá ńlá dé ìyá dé ọmọ, títí ẹnìkan fi dúró ní kóòtù tó ní òun ni ọmọ olóògbé, òun náà ni àbúrò rẹ̀. Adájọ́ ní orí ń fọ́ òun."

Mo ní, "Ọmọ mi, ilé ni ilé ọmọ. Bí ayálégbé bá bímọ sílé mi, ṣé èmi lanlọ́ọ̀dù ló ni ọmọ?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ìyá, ayálégbé kì í gbé ilé yín lọ sínú ara rẹ̀."

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Kí ni ká wá ṣe?" Tìwálọlá béèrè. Ìlẹ̀kẹ̀ ti ń di àwọ̀ epo.

Adégòróyè nu ojú. "Ọ̀nà méjì ló wà. Bí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ sí nǹkan kan, ọmọ á lọ sí Ilé Ìtọ́jú títí kóòtù á fi dá a. Ẹjọ́ tó wà níwájú yín níbẹ̀ tó ọ̀rìnlénígba. Ọ̀nà kejì ni pé kí Ìyá fọwọ́ sí i pé àwọn ni ìyá ọmọ. Inú wọn ni. Ẹ̀rọ á gbà á, ẹ ó sì gbé ọmọ lọ sílé lónìí."

Bámgbóyè mí kanlẹ̀. "Ṣé ohun tó wà ńbẹ̀ nìyẹn? Ìyá, ẹ fọwọ́ sí i. Ìwé lásán ni. Nílé, a mọ ara wa."

"Ìwé lásán?" Tìwálọlá yíjú sí i. "Bó bá jẹ́ lásán ni, kí ló gbé wa wá síbí?"

Ẹlẹ́rìí dá sí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka orúkọ oúnjẹ: "Bí Àwẹ̀ró bá fọwọ́ sí i, ọmọ yìí di àbúrò Bámgbóyè. Tìwálọlá kò gbọdọ̀ fún un lọ́mú láìgba àṣẹ ìyá rẹ̀. Ẹni tí ilé ọmọ wà lára rẹ̀ tí kì í ṣe ìyá ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. Wọ́n á yọ ọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́."

Bámgbóyè jókòó bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Ohun tí ìyàwó mi ṣe lẹ́yìn náà, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ títí wọn yóò fi gbé mi sin. Ó fa ọmú lẹ́nu ọmọ. Ọmọ ò tíì yó o, wàrà ṣì ń kán. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ìyá, ẹ fọwọ́ sí i. Kí wọ́n yọ ọ́. Kí wọ́n yọ gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ yọ. Kí wọ́n má ṣáà gbé e lọ sí ibi tí mi ò mọ̀. Màá máa jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá pè mí ní àǹtí, màá dáhùn. Kí n ṣáà máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé."

"Dìde," mo wí. "Dìde, ìyá ọmọ."

Kò dìde.

Akọ̀wé gbé pátákó ìtẹ̀ka síwájú mi. Ìka àtàǹpàkò ló ń fẹ́. Ọmọ wà lápá òsì mi, ó ń fi ẹnu wá ọmú lára èmi arúgbó. Mo gbé àtàǹpàkò ọ̀tún sókè.

Ó rọrùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tó rọrùn jù láyé ni. Kí n tẹ ìka, kí a máa lọ jẹ iyán. N kò ní pàdánù nǹkan kan. Ọmọ á di ọmọ mi lórí ìwé, Bámgbóyè á ṣì jẹ́ ọmọ mi, ọmọ méjì ni màá ní lójijì! Tìwálọlá nìkan ni yóò pàdánù. Ó sì ti kúnlẹ̀, ó ti gbà.

Mo wo Bámgbóyè. Mo wo etí rẹ̀ tó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ní irú etí yẹn ní ìdílé mi. Kò sẹ́ni tó ní i ní ti ọkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ pé etí bàbá ńlá mi kan ni.

Mo sọ ìka kalẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀rọ yìí, ṣé ó lè wo ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà?"

"Ó lè wò ó, mà. Àmọ́ àwọn tí wọ́n bí kí ẹ̀rọ tó dé, ẹnu ni wọ́n fi kọ wọ́n sílẹ̀. Òfin ní a kò gbọdọ̀ tú wọn wò, àfi bí ẹni tí wọ́n kọ bí ìyá bá fẹnu ara rẹ̀ ní ká tú u. Ilé tó ti fọ́ ti pọ̀ jù." Ó wò mí. Ó kéré lọ́jọ́ orí, àmọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. "Kò pọn dandan kí ẹ sọ ohunkóhun, Ìyá."

"Ìyá?" Bámgbóyè wí.

Mo gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀.

"Bámgbóyè, jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Ní Ọdún Àgbàrá, ilé ẹ̀kọ́ kan lórí òkè ni wọ́n kó àwa aboyún sí. Omi ti gbé ọkọ mi, ó ti gbé gbogbo ará ilé rẹ̀, èmi nìkan ló ṣẹ́kù. Mo bímọ níbẹ̀, lórí ẹní. Ọmọbìnrin ni."

"Ọmọbìnrin?"

"Ó lo ọjọ́ mẹ́ta. Kò dé ọjọ́ kẹjọ. Kò lórúkọ. Òun ni inú mi gbé. Òun nìkan."

Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni bi mí.

"Obìnrin kan wà lórí ẹní tó kángun sí tèmi. Ará Ìlàjẹ ni, àwọn tó ń gbé orí omi. Ẹ̀bùnlọ́mọ ló ní òun ń jẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé, òun nìkan, oyún níwájú. Ó bí ọkùnrin ní ọ̀sán ọjọ́ tí tèmi kú. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Kò sí dókítà. Ó ń kọrin fún ọmọ náà, ó ń kọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọmọ ń ké. Ọmú mi kún, ó ń ro mí bí oówo, kò sẹ́ni tó máa mu ún. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọmú ti wà lẹ́nu rẹ."

Bámgbóyè ń wo ẹnu mi.

"Nígbà tí àwọn akọ̀wé dé, wọ́n ní, 'Ìyá, ọmọ yín nìyí?' Mo ní, 'Ọmọ mi ni.' Mo sọ ọ́ ní orúkọ bàbá ọkọ mi. Mo ní kó o má jẹ ẹja àrọ̀. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀. Ẹlẹ́rìí! Èmi Àwẹ̀ró ni. Tú u wò."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fẹnu ara mi pe orúkọ mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dàbí orúkọ àlejò.

Bámgbóyè dìde. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ó ń lọ ni. Ó dúró síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń wo omi tó wà nísàlẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ ti pọ́n lápá kan.

"Ẹ̀rọ nílò ìka yín, sà," akọ̀wé wí.

Kò yíjú padà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn lásán, bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́ tí kò fẹ́ wò ó. Akọ̀wé gbé Ẹlẹ́rìí lọ bá a, ó gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ó wá gba tèmi.

Ẹ ò rí bí àsìkò ṣe gùn. Mo fẹ́ kọrin, orin ò wá. Èmi!

"Ẹ̀jẹ̀ Àwẹ̀ró kò sí lára Bámgbóyè," Ẹlẹ́rìí wí. "Kì í ṣe inú yìí ló gbé e. Bàbá àti ọmọ kì í ṣe ọmọ inú kan. Ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ Tìwálọlá ni, inú Tìwálọlá ni, ọmú Tìwálọlá ni. Mo ti kọ ọ́. Ẹ kú oríire."

Ìlẹ̀kẹ̀ funfun padà. Báláú! Bí wàrà ṣe ń funfun. Tìwálọlá fi ojú bo orí ọmọ, èjìká rẹ̀ ń mì, kò jẹ́ ká gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ẹ̀rọ kò tíì ṣe tán. "Ìwé Bámgbóyè kò tọ̀nà mọ́. Mò ń yọ orúkọ Àwẹ̀ró kúrò níbi ìyá. Ẹ̀jẹ̀: Ẹ̀bùnlọ́mọ, olóògbé. Inú: Ẹ̀bùnlọ́mọ, olóògbé. Mo ń pa ìwé dé."

"Dúró."

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Ó ti yíjú padà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìbéèrè mẹ́ta lo bi ọmọ mi. Méjì péré lo bi èmi."

Ẹlẹ́rìí ní, "Ọmú ta ni?"

"Ọmú Àwẹ̀ró."

"Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ kì í sọ ti ọmú àgbàlagbà. Ta ló lè jẹ́rìí?"

"Èmi."

"Ìwọ kò lè rántí rẹ̀."

"Ẹnu mi ló wà níbẹ̀," Bámgbóyè wí. "Ta ló tún sún mọ́ ọn jù mí lọ?"

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ a máa ronú. Èyí ronú. Ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí ké, ebi ń pa á, Tìwálọlá ò sì lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ni mo bá ṣe ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Mo na apá sí ọmọ, mo sì kọ orin tí mo mọ̀ fún ọmọ tó ń ké:

Omi ló gbé mi wá o,
Ọkọ̀ kékeré.
Omi ò gbé mi lọ o,
Ọkọ̀ kékeré.

Bámgbóyè gbè é. Láti ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó nípọn, bó ṣe ń gbè é láti ìgbà tí kò tíì lè rìn:

Bí ìyá bá sùn, ọmọ á jí,
Ọkọ̀ kékeré,
Wà mí délé.

Ó dánu dúró lójijì. "Ìyá. Orin yìí. Kò sí ọkọ̀ lórí òkè tiwa."

"Kò sí."

"Mo máa ń ronú pé níbo lẹ ti rí ọkọ̀."

"Orin rẹ̀ ni. Òun ló ń kọ ọ́ fún ọ. Kì í ṣe tèmi. Ohun kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, mi ò lè jẹ́ kó bá a lọ."

Ó wá síbi tí mo jókòó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì náà, àgbàlagbà ọkùnrin, iwájú orí rẹ̀ kan bàtà mi. Mo gbá a lórí pẹ́pẹ́. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

"Mo ti kọ ọ́," Ẹlẹ́rìí wí. "Ọmú: Àwẹ̀ró. Ìyá ni."

Adégòróyè ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní eruku ni. Eruku wo? Orí òkè tí òjò ń rọ̀ ní gbogbo ọjọ́!

Nígbà tí agbọ̀n gbé wa padà dé, Ìyá Kọ́lápọ̀ ló wà níwájú, èérún iṣu lórí irun. "Kí ló dé tí ẹ pẹ́ báyìí? Iyán ti fẹ́ di òkúta! Ìyá Bámgbóyè, ṣé kò sí nǹkan?"

Orúkọ yẹn gún mi láyà. Mo ṣíjú wo ọmọ mi.

"Ìyá Bámgbóyè, wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀," Bámgbóyè sọ fún mi. "Ẹ dá wọn lóhùn."

"Kò sí," mo wí. "Kò sí nǹkan kan. Ebi ń pa wá."

Wọ́n kó oyin jáde, iyọ̀, omi, obì. Bámgbóyè fi ìka tọ́ ọmọ lẹ́nu pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá yíjú sí Ìyá Kọ́lápọ̀.

"Ẹja àrọ̀ yẹn dà?"

Ariwo ilé dá wái. Ìyá Kọ́lápọ̀ wò mí. Mo mi orí pé kó gbé e wá. Ó gbé agbada dé tìfura-tìfura, bí ẹni tó gbé ejò. Bámgbóyè fi ẹja náà kan ètè ọmọ, díẹ̀.

"Ẹ̀bùnlọ́mọ ni ìyá tó bí bàbá rẹ," ó sọ fún un, kí gbogbo ènìyàn gbọ́. "Ará omi ni. O lè jẹ èyí. Omíyalé ni orúkọ rẹ."

Mo ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn lójú ìyàwó mi àti lójú ọmọ mi. Àwọn kan pa òṣé, àwọn kan sunkún. Ìyá Kọ́lápọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í gba omi. Ó bu ẹja tó lọ́ràá sórí àwo, ó tì í sí Bámgbóyè níwájú. "Ó dáa náà! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lo fi ń wò ó lẹ́nu mi. Òní ni kó o jẹ ẹ́."

Bámgbóyè wo ẹja náà. Òórùn rẹ̀ ń ta sánsán, ata ń ṣàn lára rẹ̀. Mo rí i tó gbé itọ́ mì. Ó ti àwo náà padà, jẹ́jẹ́.

"Ilé ìyá mi kì í jẹ ẹ́," ó wí. "Ẹ fún mi ní ẹran."

Ẹ ò rí iyán tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ yẹn! Wọ́n jẹ, wọ́n bu ọbẹ̀ kún un, wọ́n tún jẹ. Ìyá Kọ́lápọ̀ nìkan ló jẹ ẹja Bámgbóyè tán, ó lá ìka. Olúkúlùkù di ìyókù sínú ewé lọ sílé. Ìyàwó mi jókòó sáàárín wọn, ó ń fọ́mọ lọ́mú láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, inú yẹn tún gbé ọkùnrin kan. Etí rẹ̀ fẹ̀!

Haa, ẹ gbọ́ òórùn yẹn? Ó ti jinná. Omíyalé, ọmọ bàbá rẹ, wá bù ú fún wọn, kí o má sì ṣahun epo. Bu ti ẹni ẹnu ọ̀nà yẹn kún, ó ti fara da atẹ́gùn. Ẹ jẹ, ẹ yó, ẹ fọ àwo, kí ẹ máa wọ agbọ̀n yín lọ sílé. Bí ọmọ bá ké lójú ọ̀nà, orin wà lẹ́nu yín báyìí.